Bóòtù Tó Há Lára Ọ̀kadà Àtijọ́

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà lára ọ̀kadà àtijọ́, títú bóòtù tó há ni àwọn ènìyàn kì í kà sí iṣẹ́ rárá. Wọ́n kà á sí ìdènà tó dúró síwájú iṣẹ́ gangan. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ kíláàṣì kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé àwọn bóòtù kéékèèké tó di ìdérí ẹ́ńjìnnì mú ni yóò gba ọjọ́ náà mọ́ òun lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń yá sí òòlù. Èrò tèmi ni pé ìpáàrà kì í ba bóòtù jẹ́ tó ọwọ́ tó fẹ́ tú u. Ìpáàrà ń mú bóòtù le, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n sípánà tí kò bá orí rẹ̀ mu ló ń bó igun rẹ̀, páìpù tí wọ́n ti bọ ìdí sípánà ló ń ṣẹ́ ẹ, ṣísẹ̀lì tí wọ́n gbé kí wọ́n tó ronú ló sì ń fọ́ ilé tí bóòtù náà ń gbé. Ohun tó ń mú bóòtù há ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ìtọ́jú rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Mẹkáníìkì tó bá mọ èyí tí òun ń bá jà yóò tú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láìṣẹ́ ohunkóhun, èyí tó bá sì máa ṣẹ́, ibi tí òun fẹ́ ni yóò ti ṣẹ́.

Ní Ìmọ́tà, ní agbègbè Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn kún un ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí lára wọn. Ọ̀kadà ṣì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgboro Ìmọ́tà dé oko, láti ọ̀nà Agbówà dé etí ọ̀sà. Bajaj Boxer àti TVS ló gbòde báyìí, bẹ́ẹ̀ ni Jincheng AX100 kò tíì tán nílẹ̀, Honda CG125, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1976, sì dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún lọ. Àwọn ọ̀kadà wọ̀nyí ń ru gaàrí, pákó, ìrẹsì àti ẹja, wọ́n sì ń la ẹrẹ̀ pupa kọjá láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Ẹrẹ̀ yẹn ni ọ̀tá bóòtù ju òjò fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé òjò máa ń dá, ẹrẹ̀ tó dì mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì a sì máa pa omi mọ́ ara irin fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Bí ọ̀kadà bá tún jẹ́ ti ẹlẹ́ja, omi oníyọ̀ tó ń kán láti inú apẹ̀rẹ̀ sórí ásù àti ṣéènì ń mú ìpáàrà yára ju omi òjò lásán lọ. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kò sí bóòtù tó ti lo ọdún mẹ́ta láìtú tí kò ní ohun tó fẹ́ bá ẹni jà lé lórí.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń mú bóòtù há ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀: irin wà nínú irin, omi àti afẹ́fẹ́ rí àyè wọlé, wọ́n dógùn-ún pọ̀. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìdí tí ìdógùn-ún fi ń di nǹkan mú. Ìpáàrà ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó lè ju ìlọ́po méjì. Nínú ojú tíréèdì tí kò ti sí àyè tẹ́lẹ̀, ibo ni ìpáàrà tó ń wú yóò gbà? Yóò tẹ nọ́ọ̀tì síta, yóò tẹ bóòtù sínú, méjèèjì yóò sì há. Nọ́ọ̀tì ásù táyà ẹ̀yìn, bóòtù ṣọ́ọ̀kì, ti fúùtù-rẹ́ẹ̀sì àti èyí tí a fi ń fa ṣéènì wà nínú ẹ̀yà yìí. Ẹ̀yà kejì kò jọ ọ́. Ara ẹ́ńjìnnì jẹ́ alumíníọ̀mù, bóòtù tó wọ inú rẹ̀ jẹ́ irin. Bí omi bá ti dúró láàárín irú irin méjì tó yàtọ̀ síra báyìí, iná tó kéré gan-an á máa lọ láti ọ̀kan sí èkejì bíi ti inú bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ gbèsè. Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ kì í ṣe pupa. Ìyẹ̀fun funfun ni, òun náà a sì máa wú. Ẹ̀yà kẹta kò ní ìpáàrà kankan nínú: bóòtù tí ẹnì kan fún kọjá ààlà, tàbí èyí tí tíréèdì rẹ̀ wọlé ní wíwọ́ tí wọ́n sì fi agbára tì í lọ, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kadà fi gọ́ọ̀mù dì kí ó má baà tú lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé sípánà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ojú bóòtù náà kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Pupa ń bèèrè epo àti sùúrù, funfun ń bèèrè iná, èyí tó mọ́ tónítóní tí kò sì gbọ́ sípánà ń sọ fún yín pé epo kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù púpọ̀, ìtọ́jú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: òòlù.

Òòlù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣírò ibi tí agbára ọwọ́ ń lọ nígbà tí a bá ń fún bóòtù: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ń tán síbi tí abẹ́ orí bóòtù ti ń ha ohun tó jókòó lé, nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ń tán sínú tíréèdì, ìdá mẹ́wàá tó kù nìkan ló ń di nǹkan mú ní ti gidi. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ tú bóòtù ni pé ìdajì ìjà náà wà lábẹ́ orí bóòtù, níbi tí òòlù lè dé. Bí ẹ bá gbé púńṣì tí orí rẹ̀ tẹ́jú sí àárín orí bóòtù, tí ẹ sì lù ú ṣánṣán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìpáàrà tó di abẹ́ orí yẹn mú yóò sán. Lílù tó wà lójú òpó bóòtù nìyẹn, ó yàtọ̀ pátápátá sí fífi ṣísẹ̀lì lù ú ní ẹ̀gbẹ́. Àkọ́kọ́ ń já ìdè, èkejì ń bó igun. Ìṣirò yìí kan náà ló jẹ́ kí n lè sọ ohun tí àwọn kan yóò kà sí ìsọkúsọ níwájú: pé nígbà mìíràn, gígé orí bóòtù kúrò ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti tú ìyókù rẹ̀.

Ká tó débẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ fi tú u. Sípánà fúláàtì kì í di ju ẹ̀gbẹ́ méjì mú, ẹnu rẹ̀ a sì máa là díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ríìngì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìtòsí igun bóòtù ló ti ń tì í, igun ló sì ń kọ́kọ́ jẹ lára bóòtù tó ti dógùn-ún. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ló ń tẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó yín kò bá tó ra ju mẹ́ta lọ, ẹ ra nọ́mbà 8, 10 àti 12, nítorí pé lára àwọn ọ̀kadà tí a dárúkọ, àwọn ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yọ sípánà oní-íńṣì kúrò nínú àpótí. Sípánà hááfù íńṣì fi mílímítà 0.7 tóbi ju orí bóòtù nọ́mbà 12 lọ, àyè yẹn sì tó fún igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti bó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti páìpù ńkọ́? Bóòtù tí a ń fi sípánà 10 tú kò nílò ju nǹkan bíi Newton-mítà mẹ́wàá lọ láti dè. Sípánà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 13 yóò fún un ní ìyẹn bí ọwọ́ bá fi agbára tó tó kílò mẹ́jọ fà á. Ẹ wá ti páìpù bọ̀ ọ́ kí ó gùn tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ọwọ́ kan náà, láìfi nǹkan kan kún un, ti ń fún un ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Bóòtù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Páìpù wà fún nọ́ọ̀tì ásù, kò wà fún ìdérí ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ sukudiráfà tún burú ju ti sípánà lọ lára àwọn ọ̀kadà Japan àtijọ́. Orí àgbélébùú tó wà lára sukúrù ìdérí ẹ́ńjìnnì wọn kì í ṣe ti Phillips tí Henry Phillips gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè má fi ìyàtọ̀ hàn. Ti àwọn ará Japan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, JIS ni wọ́n ń pè é, àmì kékeré kan tó rí roboto sì sábà máa ń wà lórí sukúrù náà. Sukudiráfà Phillips kì í jókòó délẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti yí i, á gòkè wá, á sì ha ojú sukúrù náà dànù. Ẹni tí kò bá rí ti Japan rà lè fi gíráńdà gé ṣóńṣó orí Phillips díẹ̀ kí ó lè wọlé délẹ̀. Èyí tó tún dára ju méjèèjì lọ ni sukudiráfà onírin tí a ń fi òòlù lù lórí, tó ń fúnra rẹ̀ yí díẹ̀ bí a ti ń lù ú: òun ń tẹ sukúrù mọ́lẹ̀ lákòókò kan náà tó ń tú u, kò sì sí àyè fún un láti gòkè.

Lẹ́yìn náà ni epo. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé WD-40 ni epo ìtúbóòtù, agolo rẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ní ọdún 1953 ni láti lé omi kúrò lára irin. Iṣẹ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ náà ń sọ. Ó ń rìn wọ inú díẹ̀, kò ṣe é tì, ṣùgbọ́n epo tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwọ inú tíréèdì ń ṣe é jù ú lọ. Karosíìnì tí a fi díẹ̀ nínú ọ́ìlì gíà kún náà kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, nítorí karosíìnì fúyẹ́ tó láti wọlé, ọ́ìlì sì nípọn tó láti dúró síbẹ̀. Epo bíréèkì ni mi ò fọwọ́ sí, torí pé ó ń bó ọ̀dà ọ̀kadà kúrò. Epo yòówù kí ẹ lò, àkókò ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye tí ẹ dà. Ẹ kán an sí i ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lù ú bí mo ti wí, ẹ tún kán an sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ má kọ́kọ́ tú u. Ẹ fún un díẹ̀ ná. Bíńtín tí yóò fi yí sọ́wọ́ ọ̀tún yẹn ń fọ́ ìpáàrà láìfa ohun tí ó ti kó jọ sẹ́yìn wọ ojú tíréèdì tó mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tú u ní ìdá mẹ́rin yíyí kan, ẹ dá a padà ní ìdajì ìyẹn, ẹ kán epo, ẹ tún tú u. Bóòtù tó ti yí lẹ́ẹ̀kan tó tún wá le lójijì kò tíì ṣẹ́. Ó ń sọ pé ìpáàrà ti kún ojú òun ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣẹ́ ẹ, torí inú wọn ti dùn pé ó ti gbọ́.

Àtakò tó lágbára jù sí gbogbo èyí ni ti ẹni tó ni ọ̀kadà. Ó ní òun gbọ́dọ̀ dá owó lálẹ́, kí wá ni ti epo tó ń sùn mọ́jú? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀, ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ kò mọ bí owó ìdáwó ṣe ń le. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọjọ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Epo ń gba òru, òru náà sì jẹ́ àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò ṣiṣẹ́. Bóòtù tó ṣẹ́ sínú alumíníọ̀mù ń gba ọ̀sán: a ó tú ẹ́ńjìnnì kúrò, a ó wá wẹ́dà, a ó wá ẹni tó ní táàpù tí a fi ń gé tíréèdì, bí kò bá sì sí ní Ìmọ́tà, ó di Ìkòròdú. Bí ilé bóòtù náà bá fọ́, ó di ríra ìdajì ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń sáré ló yẹ kó bẹ̀rù òòlù jù. Mẹkáníìkì tó gbọ́n sì lè ṣe ohun kan tí yóò tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn: nígbà tí oníọ̀kadà bá kọ́kọ́ wá ráhùn nípa kíláàṣì, kó kán epo sí gbogbo bóòtù ìdérí náà lọ́jọ́ yẹn, kó ní kó máa lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó padà wá lọ́la. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì àti ooru rẹ̀ lójú ọ̀nà yóò máa fa epo wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ooru yẹn gan-an ni ìtọ́jú ẹ̀yà kejì, èyí tí ìyẹ̀fun funfun ń bá rìn. Bí a bá mú irin gbóná, ó ń fẹ̀. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin lórí ooru kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ihò bóòtù tó fẹ̀ tó mílímítà mẹ́jọ, tí ẹ fi ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n Celsius kún ooru rẹ̀, yóò fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà kan fẹ̀ sí i. Bóòtù inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan fẹ̀. Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà tó ṣẹ́kù. Kó rántí pé ìyẹ̀fun tó di bóòtù mú kò nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, pé kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, àti pé epo lè gba àlàfo tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Nítorí náà, fún bóòtù ìdérí àti ti ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tú wọn. Púlọ́ọ̀gì nìkan ni mo yọ sílẹ̀: ẹ jẹ́ kí òun tutù kí ẹ tó tú u, kí tíréèdì orí ẹ́ńjìnnì má baà bá a jáde. Bí ooru ẹ́ńjìnnì kò bá tó, iná gáàsì kékeré ló kàn, ara alumíníọ̀mù yíká bóòtù sì ni kí ẹ máa rà á sí, kì í ṣe orí bóòtù. Ẹ yọ tánkì epo kúrò pátápátá, ẹ nu karosíìnì kúrò, kí ẹ sì kán omi sí i wò. Bí omi bá ti ń ta pàrà, ó ti tó. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ní nǹkan bí 660 ìwọ̀n Celsius ni yóò dédé rọ̀ wálẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Rọ́bà tó ń pa ọ́ìlì mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì yóò tiẹ̀ ti jóná tipẹ́ kó tó débẹ̀. Ti nọ́ọ̀tì ásù rọrùn jù èyí lọ: nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí òun fẹ̀ kúrò lára bóòtù tó ṣì tutù. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yà kẹta náà ń rọ̀ bí iná bá kàn án.

Bí orí bóòtù bá ti bó, ẹ dá ọwọ́ dúró. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún gbé sípánà kan náà sí i, ẹ ń dín ohun tí ẹ lè dì mú kù. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó kéré díẹ̀ jù ú lọ, kí ẹ fi òòlù gbá a wọlé. Ó máa ń dì í mú. Fáìsì-gíríìpù tó mú dáadáa náà ń ṣe é bí orí bóòtù bá yọ síta. Bí nọ́ọ̀tì ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn síta, ibí yìí ni ṣísẹ̀lì tó ní ẹ̀tọ́: ẹ fi ayùn irin gé ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan tíréèdì, kí ẹ wá fi ṣísẹ̀lì là á. Nọ́ọ̀tì yóò kú, bóòtù yóò yè. Ní ti bóòtù tó di ìdérí mú sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi dírílì tó fẹ̀ tó ara bóòtù náà lu orí rẹ̀ títí orí yóò fi bọ́. Ìdérí yóò yọ, ìdajì ìjà yóò sì tán pẹ̀lú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tó wà lókè. Kùkùté tó kù kò ní ohun tó ń fà á mọ́. Pẹ̀lú epo àti iná díẹ̀, fáìsì-gíríìpù a máa yí i jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìrọ̀rùn tó ń ya ẹni lẹ́nu.

Èyí tó ṣẹ́ gbọọrọ pẹ̀lú ojú ihò ni ẹrù gidi. Àwọn kan yóò ra irin ẹlẹ́nu wíwọ́ tí wọ́n ń tà fún un, èyí tí a ń lu ihò sínú bóòtù tí a sì ń yí bọ ihò náà sọ́wọ́ òsì. Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́. Bí bóòtù bá le tó láti ṣẹ́ lọ́wọ́ sípánà, irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ kò ní ṣe é. Òun náà yóò ṣẹ́ sínú rẹ̀, dírílì kankan ní ṣọ́ọ̀bù kò sì ní jẹ ẹ́ nítorí bó ṣe le tó. Ohun tó wà nítòsí ní Ìmọ́tà tó sì dára jù ú lọ ni wẹ́dà. Ẹ yọ bátìrì àti wáyà ẹ̀rọ iná kúrò kí iná wẹ́dà má baà jó wọn, ẹ gbé nọ́ọ̀tì kan lé orí bóòtù tó ṣẹ́, kí wẹ́dà jó inú nọ́ọ̀tì náà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀lẹ́tíróòdù irin kì í mú alumíníọ̀mù dáadáa, nítorí náà bóòtù ló ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì. Ooru rẹ̀ nìkan jẹ́ ìdajì oògùn. Kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ fi sípánà sí nọ́ọ̀tì tuntun náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá já, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò bá rí wẹ́dà tó mọwọ́ ni kó lu ihò, kó sì fi púńṣì wá àárín gangan kó tó bẹ̀rẹ̀: dírílì mílímítà márùn-ún fún bóòtù mílímítà mẹ́fà, 6.8 fún ti mẹ́jọ. Bí ó bá fi díẹ̀ kúrò ní àárín, alumíníọ̀mù tó rọ̀ ni dírílì yóò gbà lọ.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà kì í sábà lò, àwọn tó ń tún aago ṣe ni ó mọ́ lára: álọ́ọ̀mù, èyí kan náà tí a ń rà lọ́jà láti fi mú omi kànga mọ́. Bí ẹ bá pò ó sínú omi gbígbóná títí kò fi lè yọ́ mọ́, omi náà ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kan alumíníọ̀mù. Ìdérí tí bóòtù ṣẹ́ sínú rẹ̀, tí a ti yọ gbogbo bíárìn àti irin mìíràn kúrò lára rẹ̀, tí a rì sínú omi yìí nínú ìkòkò tí kì í ṣe irin, tí a sì ń mú gbóná, yóò jẹ́ kí bóòtù náà máa di ẹrẹ̀ dúdú lọ fúnra rẹ̀. Kò yá o: ó lè gba wákàtí púpọ̀, ó lè ju ọjọ́ kan lọ. Kò sì dára fún kábúrẹ́tọ̀, nítorí síńkì tó wà nínú ara rẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìdérí tí irin mìíràn ti ṣẹ́ sínú bóòtù rẹ̀, tí kò gba dírílì, mi ò mọ èyí tó kéré ní ináwó jù ú lọ.

Àwọn àgbà mẹkáníìkì yóò sọ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ti fi ṣísẹ̀lì àti òòlù jẹun, ọ̀kadà sì ń rìn. Òótọ́ ni, ọwọ́ àgbà mọ ohun tí ìwé kò mọ̀: ó ń gbọ́ ìgbà tí bóòtù fẹ́ ṣẹ́ kó tó ṣẹ́. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé mélòó nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n ti fi wáyà so ìdérí wọn, mélòó ni ihò ọ́ìlì wọn ti gba gọ́ọ̀mù àti ọ̀rá, tó ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ lójoojúmọ́? Wọ́n máa ń wí fún ọmọ iṣẹ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ òòlù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Bí ihò bá ti bàjẹ́, ẹ fi táàpù gé e sí ìwọ̀n tó tóbi jù ú lọ bí ara ẹ́ńjìnnì bá nípọn tó. Bí kò bá nípọn tó, ẹ fi wáyà tíréèdì tí a ń yí sínú ihò dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá bóòtù padà, ẹ fi ìka fi gíríìsì díẹ̀ pa tíréèdì àti abẹ́ orí rẹ̀, kí omi má rí àyè mọ́. Kí ẹ rántí pé gíríìsì ń mú kí ó yọ̀, nítorí náà ẹ dín ọwọ́ kù bí ẹ bá ń fún un, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ti ìdérí ẹ́ńjìnnì lè padà síbi tó ti wá bí orí rẹ̀ bá ṣì dára. Àmọ́ bóòtù bíréèkì, ti ásù àti ti ṣọ́ọ̀kì tí iná tàbí ṣísẹ̀lì bá ti kàn kò gbọ́dọ̀ padà sára ọ̀kadà tó ń gbé ènìyàn. Ẹ ra tuntun tí wọ́n kọ 8.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lórí, kí ẹ sì gé ti àtijọ́ sí méjì kí ẹ tó jù ú nù, kí ọmọ iṣẹ́ má baà ṣà á látinú agolo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fi de ọ̀kadà ẹlòmíràn.